Ère Tó Ń Làágùn

Ọ̀gá kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan tó máa ń kọ́kọ́ kí ara rẹ̀ láràárọ̀ kó tó kí ẹlòmíràn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ilẹ̀kùn dígí ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, á dúró, á gbé àgbọ̀n sókè, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, á wá máa wo ọkùnrin inú dígí náà títí ọkùnrin náà yóò fi fi ọ̀wọ̀ wò ó padà. Ìgbà yẹn ló tó máa wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kó ní sùúrù. Ìkíni àwọn èèyàn pàtàkì kì í yá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Ọ̀gá Iwájú. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o. Ta ni ayé sú? Orúkọ náà bá a mu, torí pé kò sí ibi tí kì í ti í wà níwájú. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, iwájú ló wà. Bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, iwájú ló wà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n wá a tì níwájú ni ọjọ́ tí òrùlé gbọ̀ngàn jò sí àwọn àlejò lórí, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣàlàyé.

Ó ní igbákejì kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí àtẹríbá ojoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pe òun. Bí Ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ní, "Ẹ kú ọgbọ́n, sà." Bí Ọ̀gá bá sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ṣí agbòjò nínú ilé.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ ọnà kan ní ìlú ńlá dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kó gbé e sórí ayélujára kí gbogbo ayé lè rí i. Ibẹ̀ ni àwọn adájọ́ náà á ti wò ó, tí wọ́n á sì mú ẹyọ ẹnìkan. Ẹni tí wọ́n bá mú á lọ lo ọdún kan gbáko níbi iṣẹ́ wọn: yàrá, oúnjẹ, amọ̀, ọ̀dà, olùkọ́, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn adájọ́ á wá fúnra wọn gbé iṣẹ́ tó borí. Bí wọ́n bá sì dé tí wọn ò bá ohun tí wọ́n rí nínú fọ́tò, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n máa gbé ẹ̀bùn náà lọ fún.

Láàárín àwọn tó ń jáde, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Bíríkìlà, nítorí pé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun àti bàbá rẹ̀ ló kù nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Ère amọ̀ kan ló ṣe fún ìdíje náà, kò ga ju ìbàdí lọ. Bàbá rẹ̀ ni. Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ti parí iṣẹ́, oorun sì ti gbé e lọ kó tó rántí pé òun ò tíì délé. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.

Nígbà tó fi ère náà han bàbá rẹ̀ nínú fóònù, bàbá náà fajú ro.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò ṣe mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Gbogbo ayé á rò pé ọ̀lẹ ni mí."

"Bàbá mi, ọ̀lẹ kì í sùn báyìí."

Bàbá tún un wò. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ò bá ti pa ẹnu mi dé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi ò fẹ́ gbé bíríkì mọ́. Bí wọ́n bá mú ọ, Ọlọ́run ṣeun. Bí wọn ò bá mú ọ, o mọ ohun tí àbúrò mi sọ."

Ó mọ̀ ọ́n. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti bá a wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé, kó máa fi igi ro ọ̀dà nínú ike fún àwọn oníbàárà. Àbúrò bàbá náà ní, "Ṣebí ọ̀dà náà ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ọnà? Kí ni ìyàtọ̀?"

Ìlú ńlá tàbí igi ìrọ̀dà: ohun tó wà níwájú Ọmọ Bíríkìlà nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀gá Iwájú ò fi sọ́kàn ní tirẹ̀.

Ó pe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jọ sí gbọ̀ngàn. Kó tó wọlé, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣàlàyé bí ìpàtẹ́wọ́ ṣe máa lọ: bí òun bá gbé áńkáṣífù funfun sókè, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ níjòókòó, bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí wọ́n dìde pàtẹ́wọ́, bó bá jẹ́ pupa, kí wọ́n dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì mi orí bí ẹni tí ọgbọ́n ń ya lẹ́nu.

Ọ̀gá wọlé. Pupa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin koríko kéékèèké tó ń hù lábẹ́ ìbòòji igi ńlá!" Ó fọwọ́ kan àyà kí ẹnikẹ́ni má baà wá igi náà lọ síbòmíràn. "Wọ́n ní kí a gbé iṣẹ́ yín sórí ayélujára. Kí ni ayélujára? Ọjà ńlá ni, tí olè àti olóòótọ́ ń ná pọ̀. Ṣé a máa ń rán ọmọ ọwọ́ lọ sọ́jà lóun nìkan? Nítorí náà, èmi, ní agbára tí mo ní, àti èyí tí wọn ò tíì fún mi, mo pàṣẹ pé iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ jáde sójú ayé láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ dúró tì í. Bàbá rẹ̀ dà? Èmi rèé!"

Áńkáṣífù aláwọ̀ ewé gòkè. Wọ́n dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́. "Sà, ṣé ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wa lẹ máa dúró sí ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ọ̀gá wò ó pẹ̀lú àánú. "Ṣé o ti rí orí tó wà lẹ́yìn ọrùn rí?"

Ó tún pàṣẹ kejì: orúkọ oyè rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà-gadagba. Oyè náà gùn débi pé kò sí àyè mọ́ fún orúkọ tí àwọn ọmọ fún iṣẹ́ wọn. Wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní, àti ohun tó fi ṣe iṣẹ́.

Ọjọ́ fọ́tò pé. Ọ̀gá wọ kóòtù dúdú tó fẹ̀ bí aṣọ ìbòrí tábìlì, ó sì dúró níwájú iṣẹ́ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró níwájú dígí: àgbọ̀n lókè, ọwọ́ lórí àyà, ojú kò ṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni fọ́tògíráfà wí, "ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀. A ò rí àwòrán yẹn."

"Àwòrán wo?" ni Ọ̀gá bi í.

Fọ́tògíráfà ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ó yà á.

Báyìí ni wọ́n ṣe é láti àárọ̀. Wọ́n á gbé iṣẹ́ kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn síbẹ̀. Òun kò mira. Ọmọkùnrin kan tó fi odidi ọdún ya odò, kìkì etí odò rẹ̀ kan ló hàn lábẹ́ abíyá Ọ̀gá. Nígbà tó kan Ọmọ Bíríkìlà, ó gbé ère bàbá rẹ̀ sórí tábìlì kan tó ga, ó rò pé orí rẹ̀ á kúkú yọ.

"Gbé e sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí láì gbé àgbọ̀n wálẹ̀. "Àbí o fẹ́ kó ga jù mí lọ ni?"

Ó gbé e sílẹ̀. Bàbá bíríkìlà wọ inú òjìji kóòtù lọ pátápátá, àti òun, àti garawa rẹ̀, àti bàtà tó bọ́. Lábẹ́ fọ́tò, wọ́n kọ oyè Ọ̀gá gàdàgbà-gadagba, wọ́n wá kọ ọ́ wínníwínní: Ọmọ Bíríkìlà, ère amọ̀.

Ní ìlú ńlá, adájọ́ mẹ́ta jókòó yí kọ̀ǹpútà kan ká, àwọn arúgbó tí ọ̀dà ti wà lábẹ́ èékánná wọn láti ìgbà èwe.

"Ọkùnrin yìí náà ló tún dé," ni àkọ́kọ́ wí. "Kò sí fọ́tò tí kò sí."

"Ó tiẹ̀ ṣẹ́jú rí báyìí?" ni èkejì béèrè. "Èmi ò gbà pé èèyàn ni. Èèyàn wo ló máa gbé àgbọ̀n báyìí láti àárọ̀ dalẹ́ tí ọrùn ò ní ro ó? Ère ni."

Ìyá Adájọ́ ló dàgbà jù nínú wọn. Ó fi imú kan kọ̀ǹpútà kó lè ka lẹ́tà wínníwínní náà. "Ẹ wá wò ó. Àwọn yòókù, ọ̀dà ni wọ́n kọ síbẹ̀, igi ni wọ́n kọ. Abẹ́ ti Ọmọ Bíríkìlà yìí nìkan ni wọ́n kọ ère amọ̀ sí. Òun ló ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ń yá a lò ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. "Ọmọ yìí láyà o! Ẹni tó rò pé torí òun ni oòrùn ṣe ń yọ ló mọ yìí. Mo ti bá irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Bó ṣe máa ń dúró gan-an nìyí."

Báyìí ni ìdájọ́ ṣe jáde. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí àwọn arúgbó náà. Ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn ni wọ́n dá lẹ́jọ́.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló kọ́kọ́ rí èsì náà lórí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ rèé: "A mú ère amọ̀ ọkùnrin tó dúró. Ìgbéraga kún ojú rẹ̀ dẹ́nu. Ikùn rẹ̀ ti ń pàṣẹ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Orí náà tóbi, oníṣẹ́ náà sì jẹ́ ká mọ̀ pé òfìfo ni."

Ṣùgbọ́n etí Ọ̀gá kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ò sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

"A mú ère ọkùnrin tó dúró," ló kà. "Ọlá kún ojú rẹ̀ dẹ́nu. Ikùn rẹ̀... àánú wà nínú ikùn rẹ̀. Orí náà tóbi, ó sì... àyè púpọ̀ wà nínú rẹ̀, sà."

"Àyè fún kí ni?"

"Fún ọgbọ́n, sà."

Ọ̀gá ronú. "Wọ́n ní ère. Ṣé wọ́n rò pé ère ni mí ni?"

"Sà, ta ló máa rí yín tó máa gbà pé ẹran ara lásán ni?"

Ọ̀gá rọra mí kanlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti kéde fún Ìgbìmọ̀ Alábòójútó pé òun ti borí. Ó ní kí gbogbo wọn wá wò ó lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ bá dé, ó sì pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan di fóònù rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, kí wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ hàn lórí ayélujára bó ṣe ń lọ, kí ojú ayé má fo ìṣẹ́jú kankan.

Ó wá ránṣẹ́ pe Ọmọ Bíríkìlà.

"Ẹ ṣeun sà," ni ọmọ náà wí, "ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kọ́ ni wọ́n rí. Ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn kó tó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́, èyí tí kò sí..."

"Tí kò sí ta ni?"

"Tí kò sí yín, sà."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà di ògiri mú kó má baà ṣubú.

"Gbọ́ mi," ni Ọ̀gá wí. "Ìwé-ẹ̀rí rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀ yìí. Bí o bá la ẹnu fún ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ló máa wà títí irun orí rẹ á fi funfun. Ère ni wọ́n fẹ́? Ère ni kí o ṣe. Kó ga tó mi. Kó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé."

"Sà, kò ní gbẹ. Amọ̀ tó ga tó yín gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbẹ. Bí a bá sun ún tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, á bú gbàmù."

"Ta ló ní kí o bá amọ̀ jiyàn? Sọ fún un pé Ọ̀gá Àgbà ló ní kó gbẹ."

Ọmọ Bíríkìlà mọ ère náà. Kí ló máa ṣe? Nígbà tó parí, tí amọ̀ ṣì ń dán fún omi, Ọ̀gá kó gbogbo olórí ẹ̀ka jáde láti wá fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Olórí ẹ̀ka ìyàwòrán ń fi fáìlì fẹ́ ẹ níkùn. Olórí ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà ń fi fìlà fẹ́ ẹ lábíyá. Kó tó di ọjọ́ kejì, àṣà ti mọ́ wọn lára: wọ́n ti ń kí i. "Ẹ káàárọ̀, sà," ni wọ́n ń wí fún amọ̀ tútù. Akọ̀wé àgbà tiẹ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè lọ jẹun. Nígbà tí ère ò dá a lóhùn, ó padà jókòó.

Wọ́n gbé e sínú ààrò. Ọmọ Bíríkìlà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì gbẹ." Ọ̀gá ní, "Ẹ koná!" Wọ́n koná.

Ìró tí ààrò dún gbé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi gbogbo tó wà nínú ọgbà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Apá fò lọ sọ́tùn-ún, etí fò lọ sósì. Imú ère náà kọjá lójú fèrèsé, ó sì lọ balẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó tó wà níwájú ọ́fíìsì. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó wò ó lọ́wọ́ títí, bí ẹni tó rí ìbátan tó ti sọnù.

"Ẹni tó ṣe èyí," ló wí, "ọ̀tá ìlọsíwájú ni."

Kò sí ẹni tó lè mú amọ̀ àti omi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilẹ̀ sì máa mọ́, àwọn adájọ́ á dé.

Ẹ̀tàn burúkú, ẹnu Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló ti kọ́kọ́ jáde. "Sà, ta ló jọ yín jù lọ láyé yìí?"

"Kò sí."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Ọ̀gá la ẹnu láti bínú, ẹ̀rín ló bá níbẹ̀. Ṣebí wọ́n ní ère ni òun? Òun á dúró. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bó bá di àtigbé e lọ, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ní ère náà wúwo, pé àwọn á fi ránṣẹ́ tó bá yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá wọ kóòtù ńlá rẹ̀, ó dúró nínú gbọ̀ngàn, Ọmọ Bíríkìlà sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi amọ̀ sí i lára, láti orí dé bàtà.

"Ṣé mo dára?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, sà. Ẹnu yín á sán."

Bó ṣe ń kùn ún, ó ń ro ayé ara rẹ̀. Bí irọ́ yìí bá dúró, ère tí òun ò ṣe ni wọ́n á fi mọ òun ní ìlú ńlá. Bó bá wó, igi ìrọ̀dà ló kù. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó jáde, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ohun kan tó wúwo ní apá rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀gá.

"Kí lò ń gbé síbẹ̀ yẹn?" Ọ̀gá ò lè wẹ̀yìn, amọ̀ ti di ọrùn rẹ̀.

"Wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà nínú fọ́tò, sà. Bó ṣe wà ni mo ṣe é."

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ìgbìmọ̀ wà níwájú. Ìyá Alága wọn, tíṣà àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó láàárín wọn pẹ̀lú báàgì lórí itan. Bàbá bíríkìlà wà lẹ́yìn pátápátá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gan-an. Fóònù gbogbo wà lókè, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Àwọn adájọ́ wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀lé wọn pẹ̀lú àpótí pákó gígùn àti ẹ̀rọ kan.

Ìyá Adájọ́ dúró níwájú ère náà, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Áà! Ó dára ju ti fọ́tò lọ. Ẹ wo ètè yìí. Ètè ẹni tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí ni. Ẹ wo ojú: ó ń wò yín, kò sì rí yín."

"Ó jọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yìí dáadáa," ni Ìyá Alága wí. "Òun gan-an dà?"

"Wọ́n rìnrìn-àjò, mà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn.

"Á à, ì bá wà níbí. Ì bá wo ara rẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá máa gbọ́ ẹ̀rín tí kì í ṣe áńkáṣífù ló pè é. Òógùn kan yọ níwájú orí rẹ̀. Ó rọra ń ṣàn bọ̀, ó la ọ̀nà sínú amọ̀ títí dé imú.

"Ère ń làágùn," ni ẹnìkan wí.

"Kò gbẹ tó ni," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà sọ kíákíá. "Ó sì wúwo gan-an, mà. A ó fi ránṣẹ́..."

"Ìyẹn ò le," ni Ìyá Adájọ́ wí. "A kì í gbé irú rẹ̀ lódidi. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Òṣìṣẹ́ kan na téèpù mọ́ Ọ̀gá láti ẹsẹ̀ dé orí. "Ó gùn ju àpótí lọ, mà."

"Ẹ gé e sí méjì. A ó lẹ̀ ẹ́ padà tí a bá délé."

"Níbo, mà?"

"Ọrùn. Ibẹ̀ ni kì í hàn."

Òṣìṣẹ́ fọwọ́ lu ọrùn náà. "Ọrùn yìí ki o." Ó tan ẹ̀rọ ìgékúta. Ó dún *gìrìrìrìrì*, ó sì gbé e bọ̀.

Ère ṣẹ́jú. Ère la ẹnu. Amọ̀ bọ́ lára rẹ̀ gbuu.

"Ẹ dúró! Ẹ má pa mí o! Èmi ni!"

"Ìwọ ta ni?" ni Ìyá Alága kígbe.

"Ọ̀gá Àgbà! Èmi ni Ọ̀gá Àgbà! Ẹ bi igbákejì mi! Ẹ bi í!"

Gbogbo ojú yí sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Ó wo Ọ̀gá. Ó wo Ìyá Alága. Ó wo ẹ̀rọ tó ṣì ń yí.

"Ṣé ọ̀gá yín nìyí?" ni Ìyá Alága bi í.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Rárá, mà."

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, mi ò lè kọ ọ́. Ó ti wà lórí ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ mọ ibi tó máa lọ. Ọ̀gá Iwájú wá ọ̀nà iwájú, èrò ti kún ibẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn sá jáde, tòun ti kóòtù amọ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lójú ibẹ̀, kò dúró mú un.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tó báyìí," ni Ìyá Alága wí, "ilé ni kó lọ dúró sí láti òní lọ. Igbákejì, gbogbo ìwé-ẹ̀rí tí ẹ bá bá nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ẹ kó o fún àwọn ọmọ tó ni ín."

"Bẹ́ẹ̀ni, mà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. Ẹnu rẹ̀ ti bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Wọ́n tàn wá jẹ. Kò sí ère níbí. Ẹ gbé àpótí, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà."

Àwọn òṣìṣẹ́ gbé àpótí. Ọmọ Bíríkìlà rí igi ìrọ̀dà lójú ara rẹ̀ kedere.

"Mà," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó tún un wí. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ère kan wà níbẹ̀ o. Ibẹ̀ náà ló wà láti ọjọ́ yìí. Ẹ wo ibi tí Ọ̀gá wa ti kúrò."

Ìyá Adájọ́ yíjú padà. Níbi tí kóòtù ńlá ti ṣí kúrò, ọkùnrin kan jókòó sórí garawa, ó ń sùn. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Adájọ́ bọ́ awò ojú, ó tún un wọ̀. Ó lóṣòó. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ ti Ọ̀gá. Ó gbé ìka sí ètè láìwẹ̀yìn.

"Ẹ rọra," ló wí. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má jí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ohùn kan wá dáhùn láti ẹ̀yìn pátápátá, ohùn ẹni tó ṣì ń tijú díẹ̀ nítorí ẹnu tó ṣí:

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mà. Mo ti jí."

Ọmọ Bíríkìlà ti lọ sí ìlú ńlá báyìí. Fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ayélujára, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀: bàbá, garawa, bàtà amọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ní ìkángun fọ́tò, bàtà ńlá kan tí amọ̀ tútù kùn, tí kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń béèrè lábẹ́ rẹ̀ bóyá ara iṣẹ́ náà ni bàtà ńlá yẹn.

Ohun tí ọmọ náà máa ń kọ padà fún wọn ni pé, "Rárá o. Ẹni tó ni ín ò tíì padà wá mú un ni."